Orí Keje: Etí Atọ́ka Nínú Ìwé Àlẹ̀mọ́ àti Iṣẹ́ Ọnà Oníbébà

Èròǹgbà orí yìí

Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ka orí yìí tán, ó yẹ kí ó lè:

(a) ṣàlàyé ohun tí ìwé àlẹ̀mọ́ àti etí atọ́ka jẹ́, kí ó sì sọ díẹ̀ nínú ìtàn wọn;
(b) pín ohun ìrántí sí ìsọ̀rí kí ó tó fi àlùmọ́gàjí kan bébà;
(d) ṣírò ìwọ̀n etí atọ́ka, kí ó gé e, kí ó sì lẹ̀ ẹ́ bó ṣe yẹ;
(e) yan bébà, gọ́ọ̀mù àti yíǹkì tí kò ní ba ohun ìrántí jẹ́.

7.1 Kí ni etí atọ́ka?

Ìwé àlẹ̀mọ́, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí scrapbook, ni ìwé olójú ewé òfìfo tí a ń lẹ àwòrán, ìwé ìpè síbi ìgbéyàwó, ìwé ètò ìsìnkú, ègé ìwé ìròyìn, ègé aṣọ àti irú nǹkan bẹ́ẹ̀ mọ́, tí a sì ń kọ àlàyé sí ẹ̀gbẹ́ wọn, kí ìtàn ẹnì kan, ti ìdílé kan tàbí ti ìlú kan má baà parẹ́. Etí atọ́ka ní tirẹ̀ ni ègé bébà, páálí tàbí ike kékeré tí a lẹ̀ mọ́ etí ewé kan, tí ó yọ síta ju àwọn ewé yòókù lọ, tí a sì kọ orúkọ ìsọ̀rí sí lára. Ìsọ̀rí ni ọ̀wọ́ àwọn nǹkan tí ó bá ara wọn tan, tí a kó sí ojú kan nínú ìwé.

Ènìyàn lè béèrè ìdí tí ìwé àlẹ̀mọ́ kò fi lè lo ìtọ́ka àkóónú lásán, èyí tí ó máa ń wà níwájú ìwé tí a tẹ̀, tí ó ń sọ ojú ewé tí orí kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé ìwé tí a tẹ̀ ti parí kí ó tó jáde, nọ́ńbà ojú ewé rẹ̀ kò sì ní yí padà mọ́, ṣùgbọ́n ìwé àlẹ̀mọ́ kì í parí, nítorí bí a bá ti sin àgbà kan, tí a gbé ìyàwó, tí ọmọ kan jáde ní yunifásítì, ewé tuntun yóò wọ àárín ewé àtijọ́, nọ́ńbà gbogbo tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ yóò sì dàrú. Etí atọ́ka kì í dàrú bẹ́ẹ̀, torí pé ara ewé gan-an ni a lẹ̀ ẹ́ mọ́, ibi tí a bá sì sún ewé náà sí ni yóò bá a lọ.

Ọ̀ràn yìí kan àwùjọ bíi ti Odò-Ẹrẹ̀ gbọ̀ngbọ̀n. Odò-Ẹrẹ̀ ni olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Yàgbà ní Ìpínlẹ̀ Kogí, Yàgbà fúnra rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ẹ̀yà tí a ń pè ní Okun, pẹ̀lú Owé ní Kábà, Ìjùmú, Bùnú àti Ọ̀wọ̀rọ̀. Bí ó ti rí ní gbogbo ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀pọ̀ ọmọ agbègbè yìí ni iṣẹ́ àti ẹ̀kọ́ ti gbé lọ sí Ìlọrin, Èkó, Àbújá àti òkè òkun, nígbà tí àwòrán àti ìwé ètò ìdílé wà nínú àpótí ní ilé bàbá wọn. Níwọ̀n ìgbà tí àgbà tí ó kó wọn pamọ́ bá ṣì wà láyé, ìbéèrè kan ti tó láti mú èyí tí a ń wá jáde. Bí àgbà náà bá sùn, òkìtì bébà tí kò ní olùtumọ̀ ni yóò kù. Nítorí náà, ìlànà tí gbogbo orí yìí dúró lé ni pé kì í ṣe nítorí ẹni tí ó ṣe ìwé ni a ṣe ń fi etí atọ́ka sí i, bí kò ṣe nítorí ẹni tí kò sí níbẹ̀ nígbà tí a ń ṣe é.

7.2 Ìtàn etí atọ́ka ní ṣókí

Ọgbọ́n fífi nǹkan yọ síta létí ìwé ti pẹ́ ju bébà tí a ń fi ẹ̀rọ ṣe lọ. Àwọn akọ̀wé ilẹ̀ Yúróòpù láyé àtijọ́, nígbà tí awọ ẹran ni wọ́n ń kọ̀wé sí, máa ń ta kókó awọ tàbí kí wọ́n lẹ ègé rẹ̀ mọ́ etí ewé, kí àlùfáà lè tètè ṣí ibi tí yóò kà. Ọgbọ́n yìí kan náà ni àwọn onígbàgbọ́ òde òní ń rí lára Bíbélì tí a gbẹ́ ihò ìka sí létí, tàbí èyí tí olówó rẹ̀ ra etí atọ́ka fún, tí ó sì lẹ orúkọ ìwé 66 náà mọ́ ọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní Yàgbà, níbi tí àwọn oníwàásù SIM ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ẹ̀gbẹ̀ ní ọdún 1908, tí ìjọ ECWA sì gbilẹ̀ lẹ́yìn wọn, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ara Bíbélì ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti kọ́kọ́ rí etí atọ́ka.

Ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1873, òǹkọ̀wé Mark Twain gba ẹ̀tọ́ àṣẹ ìjọba lórí ìwé àlẹ̀mọ́ kan tí a ti fi gọ́ọ̀mù gbígbẹ sí ojú ewé rẹ̀, tí ó jẹ́ pé omi díẹ̀ ni olùlò yóò fi rin ín kí ó tó lẹ nǹkan mọ́ ọn. Ní ọdún 1897, ará Amẹ́ríkà mìíràn, James Newton Gunn, gba irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀ lórí káàdì atọ́ka tí ó ní etí tí ó yọ sókè, kí òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì lè rí orí ọ̀rọ̀ láàárín ẹgbẹẹgbẹ̀rún káàdì tí a tò sínú àpótí. Láti ibẹ̀ ni fáìlì ọ́fíìsì ti mú etí rẹ̀, ọwọ́ àwọn olùṣe ìwé àlẹ̀mọ́ sì tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn náà.

Ní Nàìjíríà, ìtòlẹ́sẹẹsẹ ìwé àtijọ́ di iṣẹ́ ìjọba pàtàkì ní ọdún 1954, nígbà tí onímọ̀ ìtàn Kenneth Dike darí ìdásílẹ̀ ọ́fíìsì tí ó di ilé àkójọ ìwé ìtàn orílẹ̀-èdè, tí ó ní ẹ̀ka ní Ìbàdàn, Kàdúná àti Enúgu. Nítorí pé abẹ́ Àríwá ni ìjọba amúnisìn fi ilẹ̀ Okun sí, nínú Ẹkùn Kábà (Kabba Province) tí Lọ́kọ́jà jẹ́ olú-ìlú rẹ̀, Kàdúná ni olùwádìí ìtàn Yàgbà ti ń rí ọ̀pọ̀ fáìlì ìgbà náà, lábẹ́ àmì Lokoprof. Àmì kúkúrú yìí ń ṣe iṣẹ́ tí etí atọ́ka ń ṣe nínú ìwé ìdílé: ó mú un ṣeé ṣe fún ẹni tí a kò tíì bí nígbà tí a kọ fáìlì láti lọ sí ibi tí ó wà tààrà.

7.3 Pínpín sí ìsọ̀rí

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni kí a tú gbogbo ohun tí a ní sílẹ̀ lórí tábìlì tàbí ẹní, kí a sì pinnu ọ̀nà tí a ó gbà pín in. Ọ̀nà mẹ́ta ni ó wọ́pọ̀ jù lọ.

*Pínpín nípa ìgbà.* Ọ̀nà yìí dára fún ìtàn ìlú, ṣùgbọ́n ó béèrè pé kí a yan ààlà ìgbà tí ó ní ìtumọ̀ ní àdúgbò. Ní Odò-Ẹrẹ̀, àwọn ọdún tí ilẹ̀ náà kúrò lábẹ́ ìjọba kan bọ́ sí òmíràn jẹ́ ààlà tí ó wúlò púpọ̀: ṣáájú 27 Oṣù Kárùn-ún 1967, abẹ́ Ẹkùn Àríwá ni ó wà, lẹ́yìn náà ó bọ́ sí ìpínlẹ̀ tí a kọ́kọ́ pè ní West Central State, tí a wá yí orúkọ rẹ̀ sí Kwárà, nígbà tí ó sì di 27 Oṣù Kẹjọ 1991, a dá Ìpínlẹ̀ Kogí sílẹ̀ láti ara Kwárà àti Benue, Yàgbà sì wà nínú rẹ̀. Ìmọ̀ yìí máa ń ṣèrànwọ́ gan-an, torí pé rìsíìtì owó ilé-ìwé tí kò ní déètì mọ́, ṣùgbọ́n tí a tẹ orúkọ Kwárà sí lórí, kò lè ṣáájú ọdún 1967, kò sì jọ pé ó lè pẹ́ ju ọdún 1991 lọ, ibi tí yóò wọ̀ nínú ìwé àlẹ̀mọ́ sì ti yé wa láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún wa.

*Pínpín nípa kókó ọ̀rọ̀.* Níbí, ohun tí nǹkan dá lé ni a ń wò, kì í ṣe ìgbà tí ó ṣẹlẹ̀. Ìwé àlẹ̀mọ́ ìlú Odò-Ẹrẹ̀ lè ní ìsọ̀rí mẹ́sàn-án báyìí: ìtẹ̀dó àti oyè, ilé àti ìdílé, oko, ọjà, ẹ̀sìn, ilé-ìwé, aṣọ, ìgbéyàwó àti ìsìnkú, àwọn ọmọ ìlú lẹ́yìn odi. Ìsọ̀rí aṣọ nílò àlàyé díẹ̀, nítorí pé aṣọ jẹ́ ohun tí àwọn Okun fi ń pa ìtàn mọ́. Àwọn Bùnú ni a mọ̀ jù lọ fún aṣọ ipò, aṣọ pupa tí a ń lò níbi ìsìnkú àwọn ìjòyè àti àgbà pàtàkì, èyí tí àwọn ahunṣọ ń fi òwú pupa tí wọ́n tú lára aṣọ òkè òkun ṣe ọ̀ṣọ́ sí. Ọ̀mọ̀wé Elisha Renne, tí ó ṣe ìwádìí láàárín wọn, sì tẹ odidi ìwé kan jáde lórí ipò aṣọ nínú ìgbé ayé Bùnú ní ọdún 1995. Bí ìdílé kan bá ní ègé irú aṣọ bẹ́ẹ̀, kí a má ṣe fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, nítorí gọ́ọ̀mù yóò wọ inú òwú, kò sì ní ṣeé yọ mọ́. Abẹ́rẹ́ àti òwú ni kí a fi rán igun rẹ̀ mọ́ ewé, kí a sì kọ orúkọ aṣọ náà, ẹni tí ó hun ún àti ìgbà tí a lò ó sí ìsàlẹ̀ rẹ̀.

*Pínpín nípa ábídí.* Ọ̀nà yìí bá ìwé orúkọ ènìyàn mu, irú bí ìwé àwòrán gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ tàbí ti àwọn tí ó jáde ní ilé-ìwé kan. Ìṣòro tí ó wà níbẹ̀ ni pé etí atọ́ka alábídí tí a ń rà lọ́jà jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì, tí ó ní lẹ́tà 26. Márùn-ún nínú wọn, C, Q, V, X àti Z, kò sí nínú ábídí Yorùbá, bẹ́ẹ̀ ni mẹ́rin tí Yorùbá nílò, Ẹ, Gb, Ọ àti Ṣ, kò sí níbẹ̀. Bí a bá lo etí Gẹ̀ẹ́sì náà, gbogbo orúkọ tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú O àti Ọ ni yóò dì pọ̀ sí abẹ́ etí kan ṣoṣo, nígbà tí Q àti X yóò ṣófo títí láé. Ọwọ́ ara ẹni ni ó dára kí a fi ṣe tiwa, kí ó ní lẹ́tà 25, kí Gb sì tẹ̀ lé G. Etí U lè wà lófìfo nínú ìwé tí ó jẹ́ kìkì Yorùbá àjùmọ̀lò, torí pé ọ̀rọ̀ orúkọ kì í fi U bẹ̀rẹ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kí a má yọ ọ́, nítorí ẹ̀ka-èdè bíi ti Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, àwọn àlejò tí ń gbé láàárín ìlú náà sì ní orúkọ bíi Usman.

7.4 Ìṣirò àti gígé

Lẹ́yìn tí a bá ti mọ iye ìsọ̀rí, a ó ṣírò ìwọ̀n etí kọ̀ọ̀kan. Ìlànà rẹ̀ kò le: a ó wọn gígùn etí ewé láti òkè dé ìsàlẹ̀, a ó yọ àyè díẹ̀ kúrò ní òkè àti ní ìsàlẹ̀ kí igun má baà ká, a ó sì fi iye ìsọ̀rí pín ohun tí ó kù.

*Àpẹẹrẹ kìn-ín-ní.* Ká ní gígùn ewé jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 30, tí a sì fi 1.5 sílẹ̀ ní òkè àti 1.5 ní ìsàlẹ̀. Ohun tí ó kù jẹ́ 27. Bí a bá pín in fún ìsọ̀rí mẹ́sàn-án tí a dárúkọ lókè, etí kọ̀ọ̀kan yóò gùn ní sẹ̀ǹtímítà 3. Etí kìíní yóò bẹ̀rẹ̀ láti 1.5, èkejì láti 4.5, ẹ̀kẹta láti 7.5, ẹ̀kẹrin láti 10.5, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa lọ títí ìkẹsàn-án yóò fi parí sí 28.5. Nítorí pé èkejì bẹ̀rẹ̀ níbi tí èkíní parí sí, kò sí etí tí yóò bo òmíràn, ojú yóò sì rí gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà.

*Àpẹẹrẹ kejì.* Bí ó bá jẹ́ lẹ́tà 25 ni a fẹ́ tò sí ara ewé yìí kan náà, 27 tí a fi 25 pín yóò fún wa ní sẹ̀ǹtímítà kan àti díẹ̀, ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ sì kéré jù fún ẹni tí ojú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ríran. Ohun tí a ó ṣe ni pé a ó ní ipò márùn-ún péré, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn ní 5.4, a ó sì tún wọn lò ní ìgbà márùn-ún: A, B, D, E, Ẹ, F, G, Gb, H, I, J, K, L, M, N, O, Ọ, P, R, S, Ṣ, T, U, W, Y. Ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan yóò ní àwọ̀ tirẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé bí F bá tilẹ̀ wà lẹ́yìn A ní ipò kan náà, àwọ̀ yóò yà wọ́n sọ́tọ̀.

Láti gé etí fún àpẹẹrẹ kìn-ín-ní, akẹ́kọ̀ọ́ yóò tẹ̀ lé ìgbésẹ̀ wọ̀nyí:

1. Kí ó fi rúlà àti pẹ́ńsùlù sàmì sí bébà líle, kí ó sì gé ègé tí ó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 3, tí ó gùn ní 5.
2. Kí ó ṣẹ́ ẹ po sí méjì ní àárín, kí ìdajì kọ̀ọ̀kan jẹ́ 2.5, kí ó sì fi èékánná tẹ ojú ìṣẹ́po náà títí yóò fi mú.
3. Kí ó fa ìlà sí sẹ̀ǹtímítà 1 sí ojú ìṣẹ́po. Apá yìí ni yóò yọ síta, 1.5 tí ó kù ní ìhà méjèèjì sì ni yóò gba gọ́ọ̀mù.
4. Kí ó kọ orúkọ ìsọ̀rí sí apá tí yóò yọ síta, ní iwájú àti ní ẹ̀yìn, kí ó tó lẹ̀ ẹ́ rárá, nítorí ó ṣòro láti kọ̀wé dáadáa sára etí tí a ti lẹ̀.
5. Kí ó fi gọ́ọ̀mù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ra ìhà méjèèjì, kí ó ki etí ewé bọ àárín wọn títí dé ìlà, kí ó sì gbé ìwé wúwo lé e lórí títí yóò fi gbẹ.

Ewé tí etí máa wà lára rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ páálí tí a fi pààlà sáàárín ìsọ̀rí, kì í ṣe ewé tí a lẹ àwòrán mọ́, nítorí etí ni ọwọ́ ń fà nígbà gbogbo, ewé tí ó bá sì gbé e ni yóò kọ́kọ́ gbó. Bákan náà, èèpo ìwé gbọ́dọ̀ fẹ̀ ju ewé inú lọ ní sẹ̀ǹtímítà 1 àti mìlímítà mẹ́ta ó kéré tán, kí etí má baà yọ kọjá rẹ̀, kí ó sì ká.

7.5 Ohun èlò tí kì í ba ìrántí jẹ́

Ìwé ìròyìn máa ń pọ́n, ó sì máa ń rún, nítorí igi tí a lọ̀ ni a fi ṣe bébà rẹ̀, èròjà kan tí ń jẹ́ lignin sì wà nínú igi náà tí ìmọ́lẹ̀ àti afẹ́fẹ́ ń sọ di àwọ̀ ilẹ̀. Ásíìdì tí ó wà nínú irú bébà bẹ́ẹ̀ kì í dúró sí ojú kan. Ó ń ràn mọ́ àwòrán tí ó bá fara kàn án. Ìwọ̀n tí a fi ń mọ ásíìdì ni pH, bébà tí pH rẹ̀ bá sì jẹ́ 7 tàbí tí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ ni a ń pè ní aláìní-ásíìdì. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ní ohun tí yóò fi wọn pH lè fi ojú ara rẹ̀ rí ìyàtọ̀ náà: kí ó gbé ègé ìwé ìròyìn tuntun àti ègé bébà ẹ̀rọ ìdàkọ sójú oòrùn fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ó fi páálí bo ìdajì kọ̀ọ̀kan, kí ó sì wò ó bí ìwé ìròyìn yóò ṣe pọ́n níbi tí a kò bò. Nítorí èyí, ó dára kí a da ègé ìwé ìròyìn kọ sórí bébà tí ó dára, kí ó jẹ́ ẹ̀dà náà ni a ó lẹ̀, kí a sì tọ́jú ojúlówó sínú àpò tirẹ̀.

Ní ti gọ́ọ̀mù, sẹ́lótéèpù ni ó léwu jù, torí pé lẹ́yìn ọdún díẹ̀ ike rẹ̀ yóò ré, àbàwọ́n pupa rẹ̀ yóò sì kù lára ewé. Álúbọ́ọ̀mù olójú ewé alálẹ̀mọ́, èyí tí ó ní ìlà gọ́ọ̀mù lábẹ́ ọ̀rá, kò yàtọ̀ sí i, ọ̀pọ̀ ìdílé sì ti pàdánù àwòrán sí i lára. Sítáàṣì gbágùúdá tí a fi omi gbígbóná rò kò ní irú àléébù yẹn, omi sì lè yọ ọ́ padà, ṣùgbọ́n aáyán àti kòkòrò mìíràn fẹ́ràn rẹ̀, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ fẹ́lẹ́, kí ó sì gbẹ pátápátá. Àwòrán gan-an kò yẹ kí ó gba gọ́ọ̀mù kankan. Igun bébà mẹ́rin tí a ṣẹ́ po ni kí ó mú un dúró, kí ó lè ṣeé yọ. Bí a bá fẹ́ fi ọ̀rá bo etí atọ́ka, polypropylene tàbí polyester ni kí a lò, kí a sá fún PVC, nítorí ó máa ń tú ásíìdì jáde bí ó bá ń gbó.

Ojú ọjọ́ náà ní tirẹ̀ í ṣe. Ní Odò-Ẹrẹ̀, òjò máa ń rọ̀ láti nǹkan bí Oṣù Kẹrin títí di Oṣù Kẹwàá, ọ̀rinrin ìgbà náà kì í jẹ́ kí gọ́ọ̀mù gbẹ bọ̀rọ̀, ìwé tí a bá sì dì pa nígbà tí ó ṣì tutù yóò bu. Nígbà ọyẹ́, bébà máa ń gbẹ, ó sì máa ń ká, etí tí a gé lọ́jọ́ òjò sì lè ṣí kúrò lára ewé. Ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, kí ọyẹ́ tó le, ni ìgbà tí ó dára jù fún lílẹ̀. Kí a má gbé ìwé sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tàbí kí a fi í ti ara ògiri, nítorí ikán. Orí pẹpẹ tí ó jìnnà sí ògiri, nínú àpótí páálí tí afẹ́fẹ́ ń wọ̀ díẹ̀, ni ààyè rẹ̀.

7.6 Kíkọ orúkọ sára etí

Ọ̀rọ̀ ara etí gbọ́dọ̀ ṣe kúkúrú, kí ó sì yé àlejò. Ẹni tí ó kọ “Ti Màmá” mọ ìyá tí òun ń sọ, ṣùgbọ́n ọmọ ọmọ rẹ̀ kò ní mọ̀ ọ́n; orúkọ màmá náà àti agbo ilé rẹ̀ ni ó yẹ kí ó wà níbẹ̀. Kí a fi àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ sí orúkọ, torí pé orúkọ tí a kọ láìní àmì lè di orúkọ ẹlòmíràn lẹ́nu ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí. Yíǹkì báírò máa ń ràn, ó sì máa ń ṣá; pẹ́ńsùlù tàbí yíǹkì tí omi kì í fọ̀ ni ó pẹ́ jù. Níwájú ìwé, kí a lẹ ojú ewé kan tí ó ṣàlàyé ohun tí etí kọ̀ọ̀kan àti àwọ̀ kọ̀ọ̀kan dúró fún, kí ìmọ̀ náà má baà wà lórí ẹni tí ó ṣe ìwé nìkan.

7.7 Àkótán

Etí atọ́ka ni ó ń sọ àkójọ di ìwé tí ẹlòmíràn lè lò. Pínpín sí ìsọ̀rí ni ó ṣáájú, ìṣirò tẹ̀ lé e, gígé àti lílẹ̀ ni ó kẹ́yìn. Ohun èlò tí kò ní ásíìdì, gọ́ọ̀mù tí ó ṣeé yọ àti ibi ìpamọ́ tí ikán kò dé ni yóò jẹ́ kí ìwé náà dé ọwọ́ àwọn tí a ṣe é fún.

Ìdánrawò

1. Kí ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín etí atọ́ka àti ìtọ́ka àkóónú? Kí ló dé tí èkíní fi bá ìwé tí ń dàgbà mu jù?
2. Gígùn etí ewé kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 26. Bí a bá fi 1 sílẹ̀ ní òkè àti 1 ní ìsàlẹ̀, tí ìsọ̀rí sì jẹ́ mẹ́jọ, báwo ni etí kọ̀ọ̀kan yóò ṣe gùn tó, ibo sì ni etí karùn-ún yóò ti bẹ̀rẹ̀?
3. Ya àtẹ etí atọ́ka fún orúkọ gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ kíláàsì rẹ nípa lílo ábídí Yorùbá. Lẹ́tà wo ni orúkọ pọ̀ sí jù, kí ni o ó sì ṣe sí ìsọ̀rí náà kí ó má baà nípọn jù?
4. Rìsíìtì ilé-ìwé kan kò ní déètì, ṣùgbọ́n a tẹ “Kabba Province” sí orí rẹ̀. Lo àlàyé 7.2 àti 7.3 láti sọ ìsọ̀rí ìgbà tí yóò wọ̀, kí o sì sọ ìdí rẹ̀.
5. Iṣẹ́ àṣetiléwá: gba àyè lọ́wọ́ àgbà kan nínú ìdílé rẹ láti to àwòrán mẹ́wàá rẹ̀ sínú ìwé àlẹ̀mọ́ onísọ̀rí mẹ́ta. Jẹ́ kí àgbà náà sọ orúkọ ẹni tí ó wà nínú àwòrán kọ̀ọ̀kan, kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì rẹ̀, kí o sì gbé ìwé náà fún ẹlẹ́gbẹ́ rẹ kan pé kí ó wá àwòrán tí o bá dárúkọ fún un. Bí kò bá rí i láìbéèrè lọ́wọ́ rẹ, tún orúkọ ara etí náà kọ.